Mọ́nítọ̀ tó yẹ sítúdíò ilé: ìbéèrè tí wọ́n ń bi mí ní Àkúrẹ́

Yàrá kan ni mo fi ṣe sítúdíò nínú ilé tí mò ń gbé ní Ìjàpó, ní Àkúrẹ́. Ẹsẹ̀ bàtà 12 sí 10 ni. Akọrin ìjọ ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ń wá, àwọn ọmọ FUTA tó ń kọ tàkasúfèé tẹ̀ lé wọn, lẹ́yìn náà àwọn onílù. Ẹni tó bá ti ń wọlé, ojú kọ̀ǹpútà ló máa ń kọ́kọ́ wò kó tó wo sípíkà, ibẹ̀ sì ni ìbéèrè ti ń bẹ̀rẹ̀. Èyí tí wọ́n ń bi mí jù ni mo kó jọ síhìn-ín, pẹ̀lú bí mo ṣe máa ń dá wọn lóhùn.

Ẹ̀gbọ́n, mọ́nítọ̀ wo gan-an lẹ ń sọ?

Ó dáa tí ẹ béèrè. Lẹ́nu àwa olórin, mọ́nítọ̀ méjì ló wà: sípíkà tí a fi ń gbọ́ orin bí a ṣe ń pò ó, àti ojú kọ̀ǹpútà tí a fi ń wo ohun tí à ń ṣe. Mo rán ọmọkùnrin kan lọ́jà rí, mo ní kó bá mi béèrè iye tí mọ́nítọ̀ onínṣì márùn-ún jẹ́. Ẹni tó ń tajà rẹ́rìn-ín, ó ní àwọn kì í ta tẹlifíṣọ̀n inú mọ́tò. Sípíkà ni mò ń sọ ní tèmi! Ínṣì sípíkà ni fífẹ̀ páálí tó ń mì níwájú rẹ̀. Ínṣì ojú kọ̀ǹpútà ni láti igun òkè lápá kan dé igun ìsàlẹ̀ lápá kejì, kì í ṣe fífẹ̀ rẹ̀. Láti ibí yìí lọ, bí mo bá pe mọ́nítọ̀, ojú kọ̀ǹpútà ni. Sípíkà á máa jẹ́ sípíkà.

Ẹ sọ ọ́ ní ṣókí: ínṣì mélòó ni kí n rà?

Fún yàrá bíi tèmi, ínṣì 24 tó ní píksẹ́ẹ̀lì (àwọn àmì tóótòòtó tó para pọ̀ di àwòrán) 1920 × 1080, tàbí ínṣì 27 tó ní 2560 × 1440. Ẹ má ra 27 tó jẹ́ 1080 nítorí pé ó kàn ń kún ojú lásán ni. Bó bá ti kọjá 27, ẹ kọ́kọ́ lọ wọn tábìlì yín. Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́.

Kí ló dé tí ẹ ò fẹ́ kí n ra èyí tó tóbi? Owó ẹ̀ wà lọ́wọ́.

Owó wà lọ́wọ́ èmi náà lọ́jọ́ tí mo ra ínṣì 32. Mo gbé e sí àárín tábìlì, mo ti sípíkà sọ́tùn-ún sósì kó lè ráyè. Ti ọ̀tún wọ kọ̀rọ̀ ògiri, ti òsì lọ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Mo jókòó, bàsì kún gbogbo yàrá, mo bá bẹ̀rẹ̀ sí gé e kúrò. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo lò lórí orin akọrin ìjọ kan. Ìgbà tí a gbé e sínú mọ́tò aṣáájú wọn ní Alágbàká, ìyáàlù ti pòórá, gìtá bàsì ń dún bí ẹ̀fọn létí. Mo kọ́kọ́ fẹ́ bú rédíò mọ́tò, àmọ́ kò sóhun tó ṣe é. Kọ̀rọ̀ ògiri a máa mú kí bàsì pọ̀ ju bó ṣe wà lọ, nítorí náà bàsì tí mò ń gé ní yàrá kò sí nínú orin rárá. Èmi ni mo ti sípíkà wọ kọ̀rọ̀ kí mọ́nítọ̀ lè ráyè.

Ohun kejì wà tí owó kò lè tún ṣe. Ojú mọ́nítọ̀ le, ó ń dán, ohùn tó bá sì kàn án á ta padà. Bó bá yọ síwájú ju sípíkà lọ, ohùn tó ta padà lára rẹ̀ á dé etí yín díẹ̀ lẹ́yìn èyí tó ti inú sípíkà bọ̀ tààrà. Àwọn méjèèjì á wá máa pa ara wọn láwọn ibì kan, pàápàá nínú ohùn òkè: ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, agogo, súù-súù tó ń bá ọ̀rọ̀ ẹnu olórin jáde. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń sún mọ́nítọ̀ sẹ́yìn, kí iwájú sípíkà yọ jù ú díẹ̀. Ẹ lè dán an wò lálẹ́ òní. Ẹ fi orin tí ẹ mọ̀ dunjú sí i, ẹ gbọ́ ọ, kí ẹ wá da bùláńkẹ́ẹ̀tì nínípọn bo mọ́nítọ̀, kí ẹ tún un gbọ́. Bí ìyàtọ̀ bá hàn, a jẹ́ pé ó tóbi jù fún ibi tó wà, tàbí kó yọ síwájú jù.

Ìkẹta, tí àwọn ọ̀dọ́ kì í fẹ́ gbọ́: ojú a máa gba iṣẹ́ mọ́ etí lọ́wọ́. Bí àwòrán ohùn bá fẹ̀ gbàgàdà níwájú yín, ẹ ó máa gé ohun tí ojú sọ pé ó ga jù, ẹ ó máa to ìlù sórí ìlà àkókò tó wà lójú kọ̀ǹpútà torí pé ojú sọ pé kò bọ́ sí i. Onígángan kì í lu ìlù sórí ìlà. Ibi tó ti falẹ̀ díẹ̀ yẹn ni adùn wà. Nígbà tí mo bá ń parí orin, ńṣe ni mo máa ń pa mọ́nítọ̀, kí n tó gbọ́ orin láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin.

Báwo ni mo ṣe máa wọn tábìlì?

Téèpù télọ̀ tó. Ẹ jẹ́ ká fi tábìlì mi ṣe àpẹẹrẹ, èyí tí káfíńtà kàn fún mi ní séńtímítà 120. Sípíkà onínṣì márùn-ún máa ń fẹ̀ tó séńtímítà 18 sí 20, méjì á gba 40. Ó ku 80. Mọ́nítọ̀ onínṣì 24 fẹ̀ tó séńtímítà 53. Onínṣì 27 jẹ́ 60. Onínṣì 32 jẹ́ 71. Èyí tó gùn gbọọrọ, onínṣì 34, jẹ́ bíi 80, ẹ ò sì tíì ka etí rẹ̀ mọ́ ọn.

Onínṣì 27 á fi séńtímítà mẹ́wàá sílẹ̀ lọ́tùn-ún àti lósì, sípíkà á sì ráyè yíjú sí yín. Onínṣì 32 á fi bíi mẹ́rin péré sílẹ̀. Sípíkà kò ní lè yíjú síbì kankan, á kàn dúró bí ọmọ tí wọ́n ní kó kúnlẹ̀ sígun yàrá. Onínṣì 34 kò ní gbà rárá, àfi kí sípíkà kúrò lórí tábìlì lọ sórí ìdúró tirẹ̀. Ìyẹn gan-an dára fún ohùn, bí yàrá bá gbà á.

Ẹ má tíì ká téèpù. Láti àárín sípíkà kan sí àárín èkejì lórí tábìlì yìí, séńtímítà 100 ni. Ohun tí à ń fẹ́ ni igun mẹ́ta tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ dọ́gba: sípíkà sí sípíkà 100, sípíkà kọ̀ọ̀kan sí orí yín 100. Bí ẹ bá jókòó bẹ́ẹ̀, láti orí yín dé ìlà tí sípíkà tò sí á jẹ́ bíi 87. Mọ́nítọ̀ tó sún sẹ́yìn wọn á wá jìnnà sójú yín tó 90. Òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì máa ń jókòó ní bíi 60 sí 70 sí tirẹ̀. Ìyàtọ̀ yìí ni kì í sí nínú ìmọ̀ràn tí wọ́n ń fún òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì, òun ló sì fà á tí lẹ́tà fi ń kéré lójú olórin. Etí ló kọ́kọ́ yan ìjókòó, ojú á wá gba èyí tó kù.

Gíga ńkọ́? Ẹnu kékeré òkè sípíkà, tó ń gbé ohùn tíńrín jáde, gbọ́dọ̀ bá etí yín dọ́gba. Òkè mọ́nítọ̀ kò gbọ́dọ̀ ga ju ojú yín lọ.

Ṣé mọ́nítọ̀ tó tóbi kò ní jẹ́ kí n rí tráàkì púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà?

Rárá o. Ibi tí wọ́n ti ń jẹ owó èèyàn nìyí. Iye píksẹ́ẹ̀lì ló ń fún yín láyè, kì í ṣe ínṣì.

Ẹ ka tráàkì kan (ìlà tí ohùn kan wà lójú kọ̀ǹpútà) sí píksẹ́ẹ̀lì 40 ní gíga, kí ẹ yọ bíi 200 fún àwọn bọ́tìnnì òkè àti ìsàlẹ̀. Mọ́nítọ̀ tí gíga rẹ̀ jẹ́ 1080 á gba tráàkì 22. Èyí tó jẹ́ 1440 á gba 31. Onínṣì 27 tó jẹ́ 1080, 22 yẹn náà ni á gbà. Ó kàn wú bíi búrẹ́dì tí wọ́n da yíìsì sí jù ni, ìyẹ̀fun inú rẹ̀ kò lé.

Ìyàtọ̀ 22 sí 31 kì í ṣe kékeré fún irú iṣẹ́ tí à ń ṣe níbí. Ẹ wo akọrin ìjọ kan: ohùn mẹ́rin, máíkì méjì fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, mẹ́jọ nìyẹn. Ìlù òyìnbó gba mẹ́fà tàbí méje. Gángan, ìyáàlù, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, agogo. Kíbọ́ọ̀dù méjì, gìtá méjì, gìtá bàsì. Kí aṣáájú tó gba máíkì rárá, tráàkì ti lé ní 22. Ọmọ tàkasúfèé tó ní tráàkì mẹ́jọ, 24 tó jẹ́ 1080 tó o láti mórí jáde.

4K ńkọ́? Wọ́n ní òun ló dára jù.

4K ni mọ́nítọ̀ tó ní píksẹ́ẹ̀lì 3840 × 2160. Ó mọ́ lójú lóòótọ́. Ṣùgbọ́n lórí ínṣì 27, lẹ́tà 4K kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ ó fi sọ fún kọ̀ǹpútà kó fẹ̀ ẹ́ sí 150%. Ẹ fi 1.5 pín 3840: 2560 ló jẹ́. Àyè tí ẹ ó rí kò ju ti 1440 lọ, ó kàn mọ́ jù ú ni. Àwọn plugin (ètò kéékèèké tí a ń fi kún ètò orin) àtijọ́ mìíràn kì í sì bá a fẹ̀, wọ́n á wà níbẹ̀ bí èèrà.

Ẹ wo láptọ́ọ̀pù yín náà. Ihò HDMI 1.4, níbi tí wáyà mọ́nítọ̀ ń wọ̀, kò lè gbé 4K kọjá ìgbà 30 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Máòsì á máa fà bí ẹni ń rìn nínú ẹrẹ̀. HDMI 2.0 tàbí DisplayPort ló lè gbé e ní 60.

Ọmọ ọdún 61 ni mí, mò ń darí akọrin, gíláàsì ìkàwé ni mò ń lò. Ṣé 24 yẹn kò ní kéré jù?

Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ Olúwa. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ gíláàsì. Èyí tí ẹ fi ń ka ìwé orin wà fún ohun tó wà lọ́wọ́ yín, bíi séńtímítà 40. Mọ́nítọ̀ wà ní 90. Bí ẹ bá ra èyí tó tóbi bí ilẹ̀kùn, á ṣì ṣe bàìbàì. Ẹ wọn bó ṣe jìnnà sójú yín, kí ẹ kọ ọ́ sórí ìwé, kí ẹ mú un lọ bá dókítà ojú, kó ṣe gíláàsì tó bá a mu.

Lẹ́yìn náà, ọ̀nà méjì ló wà. Onínṣì 27 tó jẹ́ 1440 ni kí ẹ rà, kí wọ́n bá yín fẹ̀ ẹ́ sí 125%. Tàbí, bí tábìlì bá tó séńtímítà 140 sókè, onínṣì 32 tó jẹ́ 1440. Píksẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan lórí rẹ̀ tóbi bákan náà pẹ̀lú ti onínṣì 24 tó jẹ́ 1080, nítorí náà lẹ́tà kò ní kéré jù ú lọ, ẹ ó sì tún rí tráàkì 31. Irú èyí nìkan ni mo lè gbè fún onínṣì 32. Èyí tí mo rà lọ́jọ́sí, 1080 ni, ojú ló gbà mí.

Bó bá jẹ́ gíláàsì olójú méjì lẹ ń lò, ẹ jẹ́ kí mọ́nítọ̀ wálẹ̀ dáadáa, kí ọrùn má baà máa nà sókè.

Ṣé kí n ra ọ̀kan tàbí méjì?

Ọ̀kan, kó wà láàárín. Bí méjì bá pàdé níwájú yín, etí wọn ló máa bọ́ sí àárín, ẹ ó sì máa yí orí sọ́tùn-ún sósì. Nígbà tí orí bá yí, ohùn àárín á sún lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ẹ ó wá máa wá aṣáájú akọrin kiri. Bó bá di dandan kí ẹ ní èkejì, ẹ lo ojú láptọ́ọ̀pù, kó wà nísàlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kí ẹ kó àwọn bọ́tìnnì ohùn síbẹ̀.

Bọ̀dá, mo ń gbé self-contain ní South Gate, láptọ́ọ̀pù onínṣì 15 ni mo ní. Mò ń lo FL Studio, ètò tí wọ́n fi ń ṣe orin.

Àbúrò, má tíì ra mọ́nítọ̀. Kí lo fi ń gbọ́ orin? Bó bá jẹ́ yíápíìsì fóònù ni, owó tó o fẹ́ fi ra 24 yẹn, fi ra hẹ́ẹ̀dfóònù gidi. Gbé láptọ́ọ̀pù sórí ìwé mẹ́ta kó ga, kí o sì kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi kíbọ́ọ̀dù ṣí fèrèsé kọ̀ọ̀kan nínú FL: F5 fún àtòjọ orin, F6 fún àwọn ohun èlò, F7 fún dùùrù, F9 fún mixer. Ẹni tó mọ bọ́tìnnì mẹ́rin yìí, mọ́nítọ̀ kékeré kì í há a. Ọ̀pọ̀ orin tí gbogbo ayé ń jó sí ni wọ́n ṣe lórí láptọ́ọ̀pù.

Tẹlifíṣọ̀n onínṣì 43 wà nílé. Ṣé mi ò lè lò ó?

Ẹ lè lò ó, ṣùgbọ́n ẹ má gbé e sórí tábìlì. Ó fẹ̀ tó séńtímítà 95, sípíkà kò ní rí ibi dúró sí. Ẹ gbé e kọ́ ògiri lẹ́yìn, kó jìnnà. Tẹlifíṣọ̀n a máa ṣe àwòrán lọ́ṣọ̀ọ́ kó tó gbé e jáde, ìyẹn ló ń jẹ́ kó pẹ́: ẹ ó tẹ kíbọ́ọ̀dù, ẹ ó gbọ́ ohùn, kí ojú tó rí i. Ẹ wá Game Mode nínú rẹ̀ kí ẹ tan án. Tẹlifíṣọ̀n mi dára fún akọrin tó fẹ́ ka ọ̀rọ̀ orin láti ibi máíkì. Iṣẹ́ tí mo fún un nìyẹn.

Iná ńkọ́? Ṣé èyí tó tóbi kì í jẹ iná jù?

Onínṣì 24 kì í sábà ju wáàtì 25 lọ, onínṣì 27 lè dé 40. Kì í ṣe mọ́nítọ̀ ló máa pa ínfátà yín, kọ̀ǹpútà tó dúró lórí tábìlì àti sípíkà ló ń jẹ bátìrì. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ ṣe ni kí mọ́nítọ̀ àti kọ̀ǹpútà jọ wà lórí UPS (àpótí bátìrì tó ń gbé iná fún ìgbà díẹ̀) kan náà. Mo ti rí ẹni tó fi kọ̀ǹpútà sí UPS, tó gbàgbé mọ́nítọ̀ sára iná ìta. Wọ́n mú iná lọ, kọ̀ǹpútà ń ṣiṣẹ́, kò sì rí ibi tó máa tẹ̀ láti fi orin pamọ́. Ọwọ́ máa mọ Ctrl àti S nínú òkùnkùn bó pẹ́ bó yá.

Ẹ ka ẹ̀yìn rẹ̀ kí ẹ tó tan án. 100–240V ló yẹ kí ẹ rí níbẹ̀, ọ̀pọ̀ mọ́nítọ̀ ló sì rí bẹ́ẹ̀. Sípíkà tòkúnbọ̀ láti Amẹ́ríkà ni kí ẹ ṣọ́ra fún: òmíràn jẹ́ 115V nìkan, iná tiwa á sì sun ún kí ẹ tó gbọ́ orin kan.

Sípíkà mi ń kùn húùùù láti ìgbà tí mo ti so mọ́nítọ̀ tuntun mọ́ kọ̀ǹpútà.

Ẹ yọ wáyà HDMI, kí ẹ gbọ́. Bó bá dákẹ́, ara mọ́nítọ̀ ló ń gbà wọlé. Ẹ fi gbogbo ohun èlò sórí ẹ̀ka iná kan ṣoṣo, kí ẹ sì lo wáyà TRS tàbí XLR (irú tó ń dènà ìkùn) láti íńtáfésì, àpótí tó ń gbé ohùn wọ kọ̀ǹpútà tó sì ń gbé e jáde, dé sípíkà. Ẹ má gé ẹsẹ̀ kẹta púlọ́ọ̀gì o, àwọn kan máa ń ṣe é. Ẹsẹ̀ yẹn ló ń dáàbò bo ẹ̀mí yín. Bó bá jẹ́ gìtá nìkan ló ń kùn, ẹ ní kí onígìtá yí ẹ̀gbẹ́ sí mọ́nítọ̀, kó sún sẹ́yìn. Ó máa ń dín kù.

Ṣé ó yẹ kó tẹ̀ kọrọdọ? Ṣé kó jẹ́ 144Hz, ìyẹn kó máa yí àwòrán padà nígbà 144 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan?

Rárá fún méjèèjì. Àwọn tó ń fi kọ̀ǹpútà ṣeré géèmù ni kí ẹ fi í sílẹ̀ fún. 60Hz tó fún orin.

Tòkúnbọ̀ ni agbára mi gbé. Báwo ni mo ṣe máa yẹ̀ ẹ́ wò?

Ẹ gbé láptọ́ọ̀pù yín àti wáyà HDMI tiyín lọ, kí ẹ má lo ti ṣọ́ọ̀bù. Ẹ fi téèpù wọn ọ́n láti igun dé igun. Mo ti rí ínṣì 22 tí wọ́n pè ní 24 níṣojú mi, ẹni tó ń tà á kò tilẹ̀ ṣẹ́jú. Ẹ wọ inú ètò ojú kọ̀ǹpútà, kí ẹ wo iye píksẹ́ẹ̀lì tó kọ síbẹ̀. Kí ẹ tó kúrò nílé, ẹ ti fi àwòrán márùn-ún sínú láptọ́ọ̀pù: funfun, dúdú, pupa, ewéko, búlúù, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan kún ojú rẹ̀. Orí funfun ni ẹ ó ti rí àmì tó ti kú, orí dúdú ni ẹ ó ti rí ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń jò létí. Ẹ jẹ́ kó wà ní títàn fún 20 ìṣẹ́jú, kí ẹ máa bá wọn ná an lọ. Mọ́nítọ̀ tó ń ṣe àìsàn kì í sábà lè fara pa mọ́ pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀ bóyá ihò mẹ́rin wà tó jẹ́ 100 mílímítà sí ara wọn, kí ẹ lè fi apá irin gbé e kúrò lórí tábìlì lọ́jọ́ mìíràn.

Ní ti gbígbé e délé: bí ẹ bá rà á lójú ọ̀nà Ọba Adésidà, ẹ wọ takisí. Ọ̀kadà ni èmi gbà, mo gbé e sáàárín èmi àti ẹni tó ń wà á, mo fi ojú mọ́nítọ̀ kọ ẹ̀yìn ọlọ́kadà. Kòtò kan ṣoṣo ló wà lójú ọ̀nà lọ́jọ́ náà. Àpá bọ́tìnnì ẹ̀wù ọlọ́kadà náà wà lójú mọ́nítọ̀ di òní, ní apá òsì, nísàlẹ̀, bí àmì abẹ́rẹ́ àjẹsára.